Otto Stern: Ọkùnrin Tí Ó Wọn Òòfà Inú Proton

Nínú ìwé ìrántí irú èyí, ìgbésí ayé àwọn tí wọ́n tẹ ilé-ẹ̀kọ́ dó, tàbí ti àwọn ajíhìnrere, ni a sábà máa ń kọ. Lọ́dún yìí, ọmọwé kan tí ó ti kú láti ọdún 1969 ni a fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀. Kò tẹ ilẹ̀ wa rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara ọ̀pọ̀ nínú wa láìjẹ́ pé a mọ orúkọ rẹ̀. Otto Stern ni orúkọ náà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí eré kan tí ọ̀pọ̀ wa ṣe ní kékeré, ìbáà jẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ní Festac, ní Agboju, tàbí ní Mile 2. Òkòtó ni. Bí a bá ta òkòtó dáadáa, yóò dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò máa yí bí ẹni pé kò yí rárá. Bí ohun kan bá kàn án, tàbí bí agbára rẹ̀ bá ń tán lọ, orí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fì kiri, yóò máa fì yí ká, títí yóò fi ṣubú. Gbogbo ohun tí Ẹlẹ́dàá dá, omi, òkúta, ewé àti ara ènìyàn, ni ó ní àwọn ohun tín-tìn-tín kan nínú tí a ń pè ní proton. Proton kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí òkòtó tí kì í dáwọ́ ìyípo dúró, ó sì tún jẹ́ òòfà kékeré, tí ó ní orí àti ìdí gẹ́gẹ́ bí òòfà tí a fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Otto Stern ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wọn agbára òòfà yìí. Nọ́ńbà tí ó rí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà ayé rẹ̀ ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé yóò rí. Lórí ìyàtọ̀ yẹn ni ìtàn yìí dá lé.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1888 ni a bí Otto Stern ní ìlú Sohrau, ní agbègbè Silesia. Lábẹ́ ìjọba Jámánì ni ìlú náà wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Póláǹdì ni ó wà lónìí, Żory sì ni wọ́n ń pè é. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣòwò ọkà ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tó ẹnu dáadáa. Àwọn ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Otto sì ni àkọ́bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí ìlú ńlá Breslau, níbẹ̀ ni ó sì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ títí dé yunifásítì.

Ìmọ̀ kẹ́mísírì àti físíìsì ni ó kọ́ pọ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1912. Àwọn òbí rẹ̀ kò fi ipá mú un pé kí ó tètè wá iṣẹ́ olówó. Wọ́n fi owó ilé ràn án lọ́wọ́ kí ó lè lọ jókòó sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá wù ú láti kọ́ ìmọ̀. Albert Einstein ni ó yàn, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Prague nígbà náà. Nígbà tí Einstein padà sí Zürich ní ilẹ̀ Swítsàlandì, Stern tẹ̀ lé e lọ. Ohun tí ó kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí ju ìṣirò lọ. Ó kọ́ bí a ti í mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a béèrè, ó sì kọ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà bá sọ ni a ti yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1914 ó lọ sí Yunifásítì Frankfurt. Ọdún yẹn náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì mú un wọ iṣẹ́ ológun. Apá kan nínú àkókò náà ni ó fi ṣọ́ ojú ọjọ́ fún àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Póláǹdì. Iṣẹ́ náà kò gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà ó ń fi àkókò tí ó kù ṣe ìṣirò físíìsì. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Frankfurt, sí abẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Max Born.

Fàdákà tí ó pín sí méjì

Orí ìwé àti ìṣirò ni Stern ti sábà ń ṣiṣẹ́ títí di ìgbà náà. Láti ọdún 1919 ni ó ti yí ọwọ́ padà sí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀nà tí ó yàn rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. A ó fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ohun èlò kan jáde. A ó yọ́ fàdákà nínú ààrò kékeré nínú rẹ̀ títí yóò fi máa ru èéfín. Èéfín náà yóò gba ojú ihò tóóró jáde, yóò sì máa lọ tààrà bí ìtànṣán oòrùn tí ó gba ojú fèrèsé wọlé. Bí àwọn átọ́ọ̀mù fàdákà náà ti ń lọ, a lè bi wọ́n ní ìbéèrè: báwo ni eré yín ti pọ̀ tó? Ìhà wo ni òòfà yín kọjú sí?

Ìbéèrè kejì yìí ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn onímọ̀ kan nígbà náà, tí wọ́n ń tẹ̀ lé Niels Bohr, gbà pé òòfà inú átọ́ọ̀mù kò lè kọjú sí ibi tí ó bá wù ú, pé ìhà díẹ̀ péré ni a là sílẹ̀ fún un. Àwọn mìíràn kà á sí àlá lásán. Stern pàápàá ṣiyèméjì. Dípò kí ó dúró máa jiyàn, ó ronú ọ̀nà tí a ó fi mọ òótọ́. Bí a bá mú kí ìtànṣán fàdákà gba ààrin òòfà ńlá kan tí agbára rẹ̀ pọ̀ ní apá kan ju apá kejì lọ, àwọn átọ́ọ̀mù tí òòfà wọn kọjú sókè yóò yà sí ibì kan, àwọn tí ó kọjú sílẹ̀ yóò yà sí ibòmíràn. Bí ìhà gbogbo bá ṣeé kọjú sí, a ó rí àbàwọ́n fàdákà kan ṣoṣo tí ó fẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àbàwọ́n náà yóò pín.

Walther Gerlach, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ni ó bá a ṣe é. Àkókò ọ̀wọ́n ni wọ́n wà. Ogun ti ba ilẹ̀ Jámánì jẹ́, iye owó wọn sì ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Max Born ń ṣe àlàyé iṣẹ́ Einstein fún àwọn ará ìlú, ó sì ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wọn láti fi ra ohun èlò fún yàrá àyẹ̀wò. Ó tún kọ̀wé sí olówó kan ní New York, Henry Goldman, ẹni náà sì fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde jẹ́ dígí, ó sì ń fọ́ lemọ́lemọ́. Òru ni Gerlach sábà fi ń ṣọ́ ọ. Ihò tí fàdákà ń gbà kọjá kò ju ìdá 3 nínú 100 mílímítà kan lọ ní fífẹ̀, bí ohun èlò bá sì yẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ òru gbogbo ti bàjẹ́ nìyẹn.

Stern máa ń sọ ìtàn kan nípa iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Wọ́n yọ dígí tí ó yẹ kí fàdákà ti lẹ̀ mọ́ jáde, wọn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Bí Stern ti tẹjú mọ́ ọn, tí ó ń mí sí i, ni àbàwọ́n dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kéré, nítorí náà sìgá olówó pọ́ọ́kú tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó máa ń fà. Èémí ẹnu rẹ̀ ni ó sọ fàdákà tín-ínrín náà di dúdú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbà ọrùn fàdákà ti í dúdú bí a bá gbé e pamọ́ pẹ́. A kò sọ èyí kí ọmọ ẹnikẹ́ni lè máa fa sìgá. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ẹni tí ó ń wo nǹkan dáadáa ni oríire máa ń bá pàdé.

Ní oṣù kejì ọdún 1922 ni iṣẹ́ náà yọrí. Stern ti lọ gba iṣẹ́ ní Rostock nígbà náà, Gerlach ni ó ránṣẹ́ sí i. Àbàwọ́n náà pín sí ìlà méjì bí ètè ènìyàn tí ó là díẹ̀. Àlàfo ààrin wọn kò ju ìdá 2 nínú 10 mílímítà kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí fàdákà ní àlàfo náà. Òòfà inú átọ́ọ̀mù kọjú sókè tàbí sílẹ̀, kò sí agbede-méjì.

Ohun ìyanu kan ni pé àwọn méjèèjì kò mọ ohun tí wọ́n rí ní ti gidi. Ní ọdún 1925 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará Họ́láńdì, Uhlenbeck àti Goudsmit, sọ pé electron ní ìyípo tirẹ̀ bí òkòtó. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé ìyípo yẹn ni ó pín fàdákà sí méjì ní Frankfurt. Wọ́n ti wọn nǹkan náà ní ọdún mẹ́ta kí ó tó ní orúkọ.

Hamburg, àti iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu sí

Ní ọdún 1923 Stern di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Hamburg. Ọdún mẹ́wàá tí ó lò níbẹ̀ ni ó dùn jù nínú ayé rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti ilẹ̀ òkèèrè láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Isidor Rabi láti New York, ẹni tí a ó tún dárúkọ níwájú. Immanuel Estermann àti Otto Frisch wà lára àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́. Kò gbéyàwó, kò bímọ, yàrá àyẹ̀wò náà ni ó dàbí ilé fún un.

Níbẹ̀ ni ó ti gbé iṣẹ́ tí ó le jù kalẹ̀, èyí tí í ṣe wíwọn òòfà proton. Proton wúwo ju electron lọ ní ìlọ́po bíi 1,836, nítorí náà òòfà rẹ̀ kéré jọjọ. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ìṣirò tí Paul Dirac ṣe fún electron ní ọdún 1928 dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà pé yóò bá proton náà mu. Bí a bá pe iye tí wọ́n retí ní 1, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti fi ọdún ṣòfò lórí rẹ̀. Wọ́n sọ fún Stern pé ohun tí a ti mọ̀ ni ó fẹ́ lọ wọ̀n.

Stern kò bá wọn jà. Ó kàn lọ wọ̀n ọ́n. Háídrójìn ni ó lò, nítorí pé electron méjì tí ó wà nínú ẹyọ háídrójìn kọ̀ọ̀kan ń pa òòfà ara wọn rẹ́, kí ti proton lè hàn. Ní ọdún 1933, òun pẹ̀lú Frisch, lẹ́yìn náà òun pẹ̀lú Estermann, rí ìdáhùn. Kì í ṣe 1. Ààrin 2 sí 3 ni. Ìwọ̀n tí ó péye tí a ṣe lẹ́yìn wọn fi hàn pé 2.79 ni. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé proton kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo tí kò ní inú, bí wọ́n ti rò. Nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí kí aráyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa quark. Òòfà tí ó ju bí ó ti yẹ lọ yìí ni ó kọ́kọ́ ta wá lólobó.

Ọdún tí ilé dà wó

Ọdún 1933 kan náà ni Hitler gba ìjọba. Ní oṣù kẹrin, òfin jáde pé kí a lé àwọn Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, títí kan yunifásítì. Òfin náà dá àwọn tí wọ́n ti jagun fún ilẹ̀ Jámánì sí fún ìgbà díẹ̀, Stern sì wà lára àwọn tí ó lè fi ìyẹn fara pamọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n lé àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Frisch gbọ́dọ̀ lọ, Estermann gbọ́dọ̀ lọ. Stern kò dúró kí wọ́n wá bá òun. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ìwọ̀nba oṣù tí ó kù fún wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí oòrùn ń wọ̀ lórí oko, kí wọ́n lè parí ìwọ̀n tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ká. Frisch gba ọ̀nà London lọ. Stern àti Estermann lọ sí Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Carnegie ti fún wọn ní àyè.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí. Ọkùnrin yìí ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó ní orúkọ, ó ní yàrá àyẹ̀wò tí kò lẹ́gbẹ́, ó sì ní ọ̀nà àbáyọ fún ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ọdún díẹ̀. Ó yàn láti bá àwọn tí ó ń ṣe olórí fún jáde. Ohun tí ó sì pàdánù kò padà sí i lọ́wọ́ mọ́. Owó kò tó ní Pittsburgh, nítorí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ ní àkókò náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tún gbòòrò tó ti Hamburg. Ní ọdún 1939 ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ó gbé ọ̀pá náà lọ síwájú. Rabi ti padà sí New York, ó sì fi ohun tí ó kọ́ ní Hamburg dá ọgbọ́n tuntun. Ní ọdún 1938, ó fi hàn pé bí a bá fi ìgbì rédíò tí ó ṣe déédéé kan òòfà inú átọ́ọ̀mù, yóò yí orí padà. Ọgbọ́n yìí ni ó di ẹ̀rọ MRI lọ́wọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Bí dókítà bá ní kí ìyá tàbí bàbá wa kan lọ ṣe MRI ní ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó, proton inú omi ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń bá sọ̀rọ̀. Òòfà tí Stern wọ̀n ní ọdún 1933 ni ó ń dáhùn.

Ẹ̀ẹ̀méjìlélọ́gọ́rin ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ Stern sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel. Ti ọdún 1943 ni wọ́n fún un, òun nìkan ṣoṣo, nítorí ìtànṣán átọ́ọ̀mù àti òòfà proton. Ogun ni kò jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ títí di ọdún 1944, ní àkókò kan náà tí wọ́n kéde ti Rabi. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀bùn ní ọdún kan náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fẹ̀yìn tì, ó lọ ń gbé ní Berkeley ní California, nítòsí àwọn arábìnrin rẹ̀. Ó fẹ́ràn sinimá púpọ̀, ilé sinimá náà ni ó sì wà nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1969. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀

Àwọn onímọ̀ físíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí proton máa sáré pẹ̀lú orí tí ó kọjú sí ibì kan náà. Ẹ wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti máa ń yan bí ológun lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí àwọn kan bá kọjú síwájú tí àwọn kan kọjú sẹ́yìn, kò sí ìyàn níbẹ̀, rúgúdù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni proton. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó fún proton ní ìyípo rẹ̀, a gbọ́dọ̀ mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjú sí ibì kan kí a tó gbá wọn lu ara wọn. Ìbéèrè yìí gbóná sí i ní ọdún 1988, nígbà tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní CERN, nítòsí Geneva, kéde pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìyípo proton ni ó ti ọ̀dọ̀ quark wá.

Níbí ni nọ́ńbà Stern ti tún yọjú. Ẹ yọ 1 tí àwọn onímọ̀ retí kúrò nínú 2.79 tí a rí. Ó ku 1.79. Bí proton bá ń sáré yí òrùka òòfà ká, orí rẹ̀ yóò máa fì kiri bí ti òkòtó. Iye ìgbà tí yóò fì ní àyíká kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.79 ní ìlọ́po bí agbára eré rẹ̀ ti pọ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn tí wọ́n ní kí Stern má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu sọ, iye náà ì bá jẹ́ òfo, orí proton ì bá sì máa tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ láìsí wàhálà.

Wàhálà náà kì í ṣe kékeré. Ní Brookhaven, ní erékùṣù Long Island ní ìpínlẹ̀ New York, òrùka kan tí ń jẹ́ RHIC wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó gùn ní 3.8 kìlómítà yíká. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, proton ń yí i po ní bíi ìgbà 78,000 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí agbára wọn bá dé 255 GeV, orí proton kọ̀ọ̀kan ń fì ní bíi ìgbà 487 ní àyíká kan ṣoṣo. Kò sí òòfà tí a lè tò láìní àbùkù bíńtín. Bí iye ìfì náà bá di nọ́ńbà odidi, àbùkù yẹn yóò máa kan proton ní àkókò kan náà ní gbogbo àyíká. Ẹni tí ó bá ti ti ọmọ lórí jáńgílófà rí mọ̀ ọ́n: bí a bá ń tì í díẹ̀díẹ̀ ní àsìkò tí ó yẹ, kì í pẹ́ kí ó tó fò dé òkè. Bẹ́ẹ̀ ni orí proton ṣe ń dojú dé. Kí ó tó dé 255 GeV, ó gbọ́dọ̀ kọjá lára irú nọ́ńbà odidi bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà.

Ní ọdún 1973, ní Argonne nítòsí Chicago, wọ́n kọ́kọ́ mú irú proton bẹ́ẹ̀ sáré nínú ẹ̀rọ ńlá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú agbára tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní. Àwọn ará Rọ́ṣíà méjì, Derbenev àti Kondratenko, tí wọ́n wà ní Novosibirsk ní Siberia, ni wọ́n ronú ọ̀nà àbáyọ ní àwọn ọdún 1970. Ọ̀wọ́ òòfà kan ni, tí ó ń mú kí ọ̀nà proton wọ́ bí ejò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní ejò Siberia. Bí proton bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ yóò dojú kọ ilẹ̀ pátápátá. Bí ó bá tún kọjá, yóò dojú kọ òkè padà. Ẹ rántí ọmọ tí ń yí táyà lójú pópó, tí táyà náà sì ń fà sí òsì. Bí ó bá yí ojú táyà náà padà ní ààrin ọ̀nà, yóò máa fà sí ọ̀tún, òpin ìrìn rẹ̀ yóò sì wá tọ́. Àṣìṣe apá kìíní ni apá kejì ń tún ṣe. Wọ́n dán an wò ní Yunifásítì Indiana ní ọdún 1989, ó sì ṣiṣẹ́. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jàpáánì, wọ́n fi ejò méjì sí òrùka kọ̀ọ̀kan nínú méjì tí ó wà ní RHIC. Nígbà tí RHIC ṣì ń ṣiṣẹ́, bí iṣẹ́ bá dára, bíi 75 sí 80 nínú 100 proton ni ó ń kọjú sí ibì kan náà nígbà tí eré wọn bá le tán.

Ohun tí ó kàn wá

A lè rò pé Brookhaven jìnnà sí Amuwo-Odofin. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, ní ibùdó ìwádìí agbára tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀rọ kan wà tí ń mú proton sáré. Agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.7 fóltì. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti darí ìyípo. Ó ń fi proton yẹ eruku afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti àwọn ohun àtijọ́ wò láti mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ọ̀nà náà kò pa.

Ohun tí ó lè pa á ni bí àwọn ọmọ wa bá ń kọ́ físíìsì láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwòrán ohun èlò ni ọmọ ń rí kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìdáhùn tí ó ti wà nínú ìwé ni ó sì ń há sórí. Bí Stern bá há ìdáhùn sórí, 1 ni ì bá kọ sílẹ̀, gbogbo olùkọ́ ayé ì bá sì fún un ní máàkì. Ó wọ̀n ọ́n, ó sì rí 2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìyàtọ̀ yẹn ni a ti rí inú proton, òun náà ni gbogbo ọgbọ́n ejò Siberia ń bá jà títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde, bí ẹ bá ń ronú ẹ̀bùn tí ẹ ó fún ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́dún àyájọ́ yìí, ẹ rántí yàrá àyẹ̀wò. Òòfà díẹ̀, ìwọ̀n tí ó péye, wáyà, bátìrì, àti aago tí ń ka ìṣẹ́jú-àáyá: owó wọn kò tó ti aṣọ ẹgbẹ́ àti ìlù ọjọ́ kan. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bi yín ní ìbéèrè tí ó dàbí ẹni pé gbogbo ayé ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ má ṣe lé e sẹ́yìn. Bàbá Stern ta ọkà kí ọmọ rẹ̀ lè béèrè. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nílé-ẹ̀kọ́ lónìí, ẹ kọ́ ohun méjì lára ọkùnrin yìí: kí ẹ wọn nǹkan kí ẹ tó gbà á gbọ́, àti kí ẹ má ṣe jókòó sórí àga nígbà tí wọ́n bá ń lé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ jáde láìṣẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n sínú ohun tí ojú kò lè rí bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí a tún pé jọ ní ọdún mìíràn. Àmín.